Ojú tí ará Àkúrẹ́ fi ń wo onílẹ̀kùn méjì tòkúnbọ̀: ẹ wá sọ ohun tí ẹ ń rí

Alágbàtà ọkọ̀, Òkè Ìjẹ̀bú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá wa Porsche Boxster, Mercedes SLK tàbí BMW Z4 tó ti lé lógún ọdún kọjá lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, oríṣiríṣi ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Ìyá oníṣu ní Ọjà Ọba á kí i tayọ̀tayọ̀, á sì fowó lé owó iṣu. Ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà FUTA á ní ọmọ Yahoo ni. Àgbàlagbà á mi orí, á ní owó yẹn ì bá ra ilẹ̀ sí Ọ̀bà-Ilé. Ẹni tó gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nípa ọkọ̀ á ní, "Èyí kì í ṣe Porsche gidi, Porsche tálákà ni."

Owó ni gbogbo wọn ń wò, iye tí wọ́n tà á nígbà tó wà ní tuntun sì ni wọ́n ń rò. Boxster àkọ́kọ́ wọ ọjà Amẹ́ríkà ní 1997 ní nǹkan bíi dọ́là 40,000. Lónìí, owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra èyí tó ti gbó lọ́hùn-ún kì í sábà tó ti Corolla tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ènìyàn méjì péré ló ń gbé, kò sí ibi tí ọmọ máa jókòó sí, ẹ̀rù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ba àwọn tó fẹ́ rà á. Níhìn-ín, Corolla á ti tà kí ẹni tó gbé e wá tó sinmi, onílẹ̀kùn méjì á sì jókòó títí ewé á fi bo orí rẹ̀.

Àmọ́ owó ọkọ̀ ló wálẹ̀ o, owó pààtì rẹ̀ kò wálẹ̀. Bíréékì, redíétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì, owó ọkọ̀ olówó ńlá ni wọ́n ṣì ń tà wọ́n. Nítorí náà ẹni tó ń pe olúwarẹ̀ ní olówó kò ṣì í tán. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tó ra ọkọ̀ náà gééré, kó má rà á. Kó pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá méjì fún ọkọ̀, ìdá kan fún ọdún àkọ́kọ́.

Ti "Porsche tálákà" yẹn sì ń dùn mí. Boxster àkọ́kọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ ń pè ní 986, àti 911 tí wọ́n ń pè ní 996, iná iwájú kan náà ni wọ́n lò, bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Ilé iṣẹ́ náà kò rọ́wọ́ mú nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì jọ ní iwájú. Àwọn mìíràn tún máa ń ka nọ́ńbà ṣáàsì. Bí lẹ́tà kọkànlá bá jẹ́ U dípò S, wọ́n á ní ayédèrú ni. S ni Stuttgart. U ni Uusikaupunki ní Finland, níbi tí Porsche ti gbé iṣẹ́ fún Valmet láti to Boxster. Ògidì ni méjèèjì.

Mẹkáníìkì ọkọ̀ Jámánì, ọ̀nà Òǹdó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì. Bí Boxster bá wọlé, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Wọ́n á bá táyà àfipamọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, bátìrì lábẹ́ ike, àti àyè ẹrù. Wọ́n á lọ ṣí búùtù ẹ̀yìn, àyè ẹrù ni wọ́n tún máa bá. Kí ẹ tó mọ̀, ariwo á ti ta pé wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì tà. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Àárín ọkọ̀ ló wà, ẹ̀yìn ìjókòó gan-an, lábẹ́ ibi tí òrùlé ń ká sí. Inú búùtù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ẹ ti máa rí ibi tí ọ́ìlì àti kúláńtì ń gbà wọlé, ìdérí méjèèjì sún mọ́ra wọn. Ẹ wo àwòrán orí ìdérí kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá kánjú á da ọ́ìlì sínú kúláńtì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì Camry oní-sílíńdà mẹ́rin ń mu ọ́ìlì bíi lítà mẹ́rin. Ti Boxster lé ní lítà mẹ́jọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ra gálọ́ọ̀nù kan, á dà á, á dé e, á gba owó "ọkọ̀ ńlá", ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdajì ọ́ìlì. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ra ọ́ìlì 0W-40 tàbí 5W-40 tó jẹ́ síńtẹ́tíìkì pátápátá, kó dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi tú u síta, kó ka agolo tí wọ́n dà sínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá yọ fílítà, ẹ má sọ ọ́ nù. Bébà tó ká bí abẹ̀bẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun nínú oòrùn, ẹ la ìká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ike pẹ́pẹ̀pẹ́ tó ní àwọ̀ ilẹ̀ máa ń wá láti ibi tí ṣéènì ń gbà kọjá, ìyẹn kò tíì le. Ṣùgbọ́n bí ohun wínníwínní tó ń dán bá wà níbẹ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé e, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má sì tún ṣíná rẹ̀ mọ́. Bẹ́árìn kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní IMS, òun ló di ọ̀pá tó ń yí ṣéènì mú. Wọ́n dí gíríìsì mọ́ inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ́ìlì gbígbóná á wọ inú rẹ̀, á fọ gíríìsì náà dànù, bẹ́árìn á jẹra, ṣéènì á fò, fáàfù á lu písítọ̀ọ̀nù. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ní bẹ́árìn ìlà kan, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 2000 títí dé 2005, ni èyí ń bá jà jù. Ìgbà tí jíà àti kílọ́ọ̀ṣì bá wà nílẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ọn, torí iṣẹ́ sísọ jíà kalẹ̀ ló gba owó jù.

Wọ́n tún máa ń sọ pé òyìnbó kò ṣe Porsche fún ooru ilẹ̀ wa, pé ó máa ń gbóná. Náílọ̀nù piọ́-wọ́tà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Redíétọ̀ méjì wà níwájú, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, lẹ́yìn ihò bọ́ńpà. Náílọ̀nù, ewé àti iyẹ̀ ẹyẹ á wọlé, wọ́n á sì há síwájú kọ́ńdẹ́nsà ẹ̀rọ amúlétutù. Omi òjò á rẹ ìdọ̀tí náà, á sì jẹ áluminíọ̀mù. Ẹ tú bọ́ńpà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kó ìdọ̀tí náà, ẹ fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́. Kúláńtì tó ń mu lé ní lítà 15, ọ̀nà tó ń gbà láti ẹ̀yìn dé iwájú sì jìn, afẹ́fẹ́ tètè ń há sí i. Irin kékeré kan wà lẹ́bàá ìdérí kúláńtì tí a lè gbé sókè kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde. Ẹni tó bá da kúláńtì láì gbé e sókè, ọkọ̀ náà á gbóná kó tó dé Ọ̀rẹ́.

Fọ́kanáísà, Road Block:

Òtítọ́ ni, àwa náà máa ń wo ojú ọkọ̀ dá owó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu wa. Táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ létí, rímù rẹ̀ sì rọ̀. Irin gígùn tí a fi ń ṣí táyà Hiace á gé etí rímù náà, ẹ̀rọ la gbọ́dọ̀ fi ṣí i. Owó ẹ̀rọ yẹn tọ́ sí wa. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ owó ojú, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́.

Táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò dọ́gba. Lórí rímù 17, iwájú jẹ́ 205/50, ẹ̀yìn jẹ́ 255/40. Ẹni tó bá ní ká gbé ti iwájú sẹ́yìn kò mọ ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀ táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé DOT. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ara rẹ̀ lè dára lójú kí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá àlà. Bóòtù táyà rẹ̀, 130 Nm ló gbà, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é. Àwọn kan máa ń ki páìpù bọ sípánà kí ó le dáadáa, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú u lójú ọ̀nà Iléṣà lóru, kò ní tú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jáàkì gbé e, abẹ́ àárín rẹ̀ ni páìpù kúláńtì ń gbà kọjá láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Ibi tí ilé iṣẹ́ ṣe fún jáàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ wá.

Rewáyà, Yaba, Òǹdó:

Èyí tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ìgbà òjò. Bí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú, tí Boxster kò ṣíná láàárọ̀, tí àlámù ń ké fúnra rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ń ṣí tó ń tì, àdúgbò á ti dá ẹjọ́: "Owó tó fi rà á ló ń jà." Omi ló ń jà.

Omi tó bá bọ́ sórí òrùlé aṣọ máa ń ṣàn wá sẹ́yìn. Ihò kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níbi tí òrùlé ń ká sí, tí omi ń gbà jáde síwájú táyà ẹ̀yìn. Ewé máńgòrò àti eruku ọyẹ́ á dí ihò náà. Omi á kún, á wọ inú ọkọ̀, á lọ sùn sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ìjókòó apá òsì, ti awakọ̀, ni àpótí tó ń darí kọ́kọ́rọ́ àti àlámù jókòó sí. Ibẹ̀ gan-an lomi ń lọ.

Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ o. Ẹ tú bátìrì. Ẹ tú bóòtù mẹ́rin ìjókòó náà, ẹ gbé e kúrò, ẹ yọ àpótí náà, ẹ ṣí i, ẹ gbẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Bó bá ti dípẹtà, èyí tí ẹ máa rà kò ní bá kọ́kọ́rọ́ yín ṣiṣẹ́ àfi kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ká òrùlé dé ìdajì, ẹ fi okùn ike tó rọ̀ la ihò méjèèjì. Kì í ṣe wáyà líle, torí rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ á já. Ẹ da ife omi kan sí i. Bí omi náà bá kán sílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, ó ti là.

Z4 àkọ́kọ́ náà ní irú rẹ̀: mọ́tọ̀ tó ń gbé òrùlé wà nísàlẹ̀ kòtò òrùlé lápá òsì, omi máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ti SLK yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, òrùlé irin náà kò ní mira, wọ́n á sì ní pọ́ǹpù ti kú. Ẹ kọ́kọ́ ṣí búùtù. Aṣọ kan wà níbẹ̀ tó ń pín àyè ẹrù sí méjì. Bí ẹ kò bá fà á kó há síbi tó yẹ, ọkọ̀ náà kò ní jẹ́ kí òrùlé ká, kó má baà fọ́ ẹrù.

Aṣèwé ọkọ̀, Alágbàká:

Kí ẹni tó bá wà á máa retí kí ọlọ́pàá dá a dúró, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ́. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, tó ń dún, tó dúdú létí, orúkọ Yahoo ti wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú awakọ̀. Kí ó pa rédíò, kí ó sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ó kí wọn bí ọmọlúàbí, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí ìdarí. Òfin tíńtẹ́ẹ̀dì ti wà láti 1991. Gíláàsì tó mọ́ gaara ló rọrùn jù lọ fún irú ọkọ̀ yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Àwọn Boxster tí bẹ́árìn ti bà jẹ́ máa ń gba ẹ́ńjìnnì mìíràn, tí ìwé ọkọ̀ á sì ṣì ní nọ́ńbà ti àtijọ́. Nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò bá ara mu, ẹ̀sùn olè ló kù. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà náà wà, ẹnikẹ́ni kò lè kà á lójú títì. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá wà lókè fún ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ wá tún ìwé ṣe. Ẹ mú rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù dání. Bí ẹ bá kùn ún sí àwọ̀ mìíràn, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọ ìwé.

Panẹ́ẹ̀bítà, Arákàlé:

Tèmi kò gùn. Abẹ́ ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ sílẹ̀. Lórí bọ́ǹpù, ẹ má gùn ún tààrà, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí táyà kan kọ́kọ́ gùn ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín á fọn fèrè, wọ́n á ní ẹ ń ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n.

Ẹni tuntun, Ìjàpọ̀:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ìmọ̀ràn. Àbúrò mi fẹ́ ra SLK 230, ṣùgbọ́n gbogbo inú rẹ̀ ń ṣí bí èèpo iṣu. Bàbá wa ní iná ti jó ọkọ̀ náà rí. Ṣé ká fi í sílẹ̀ ni?

Mẹkáníìkì ọkọ̀ Jámánì, ọ̀nà Òǹdó:

Àbúrò, ẹ bá mi kí Bàbá. Kì í ṣe iná. Ọ̀dà rírọ̀ tí wọ́n fi bo ike inú SLK ayé ìgbà yẹn ló máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ti pa á pẹ́, a lè há a kúrò ká tún un kùn. Ibòmíràn ni kí ẹ wò. Ẹ wo abẹ́ etí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wáyà iná tó wà níwájú orí ẹ́ńjìnnì, lára mágínẹ́ẹ̀tì káàmù. Bí ọ́ìlì bá wà nínú pọ́lọ́ọ̀gì náà, wáyà ń fà á lọ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ nìyẹn, ẹ má tíì sanwó. Ẹ fa aṣọ inú búùtù yẹn wá, ẹ ká òrùlé náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi aago kà á. Ìṣẹ́jú àáyá 25 ló yẹ kó gbà. Bó bá dúró lágbedeméjì, ẹ wo ibi tí páìpù rẹ̀ ń gbà lókè gíláàsì iwájú. Bí ọ́ìlì bá ń kán síbẹ̀, ẹ pè mí kí ẹ tó dúnàádúrà.