Ayọ́kẹ́lẹ́ gíga ni, kì í ṣe ọkọ̀ arékọjá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Orúkọ tí ó yẹ kí á máa pe irú ọkọ̀ tí Honda Crosstour jẹ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "crossover", ní èdè wa ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Bàbá wa tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè ní Ọ̀fà dá "ọkọ̀ arékọjá" lábàá; ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó wà ní Òmù-Àrán ní "ọkọ̀ àmúlùmálà" ni ó bá a mu jù; Alàájì wa tí ó ń ta rímù ní Òpópónà Táíwò nílùú Ìlọrin sì dá àwọn méjèèjì lóhùn pé jíìpù ni jíìpù ń jẹ́, àti pé Crosstour kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń pè ní jíìpù, pé Accord abuké lásán ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yà sí ọ̀nà rímù àtijọ́, tí oníkálukú ń yin èyí tí ó wù ú. N ó fèsì sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ni n ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí ó ń bí mi nínú nípa "arékọjá" ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a jókòó tú, a kò wo ọkọ̀ náà rárá. Bí Kírísítẹ́nì bá gbọ́ "ìrékọjá", Àjọ Ìrékọjá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni yóò wá sí i lọ́kàn, bí kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí onísáàmù ń tọrọ ìdáríjì rẹ̀. Bí Mùsùlùmí bá gbọ́ ọ, bóyá ọkọ̀ èrò tí awakọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti dúró níbi tí èrò fẹ́ bọ́ sí ni yóò rò pé à ń sọ. Kí tilẹ̀ ni ọkọ̀ náà ré kọjá? Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí wọ́n ń rò: wọ́n rò pé ọkọ̀ kan ti ìran ayọ́kẹ́lẹ́ bọ́ sí ìran jíìpù. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí èrò yẹn nínú "arékọjá", ẹni tí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò "arékọjá" láti mọ̀ ọ́n.

"Àmúlùmálà" sàn díẹ̀, nítorí ó kéré tán a ti wo ọkọ̀ náà kí a tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gàn nínú. Òun ni a máa ń lò fún ẹni tí ó ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá títí ìtumọ̀ fi sọnù. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọkọ̀ mìíràn wà tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Láti ọdún 1997 ni Toyota ti ń ta Prius, tí ó ní ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù, tí ó sì tún ní ẹ̀rọ tí iná bátìrì ń yí, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ. Bí a bá ti fi àmúlùmálà fún Crosstour, kí ni a ó wá pe Prius? Kí ni a ó sì pe RAV4 tí ó jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó ga bíi jíìpù tí ó sì ń lo epo àti bátìrì? Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn fún ibi tí agbára méjì ti pò pọ̀ nítòótọ́.

Ní ti Alàájì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bí àwa tí a ń fi kálámù jẹun ti fẹ́ gbà lọ. Jíìpù kì í ṣe àlejò mọ́ nínú èdè Yorùbá. Ọkọ̀ ológun tí Willys àti Ford ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti ọdún 1941 ni ó gbé orúkọ náà wá sí ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró sí Geri Alimi tàbí Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin lónìí, ọkọ̀ èyíkéyìí tí ó bá ga, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí bí ilẹ̀kùn, jíìpù ni yóò gbọ́ pé wọ́n ń pè é. Lexus RX 330 jíìpù ni, CR-V jíìpù ni, 4Runner náà jíìpù ni. Gíga ni àwọn tí ó ni èdè fi ń ṣe òṣùwọ̀n, n kò sì rí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Alàájì ni abẹ́ ọkọ̀. Ẹ sùn sábẹ́ 4Runner ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹ ó rí irin gígùn méjì tí ó ti iwájú lọ dé ẹ̀yìn, tí àwọn irin kúkúrú sì dá wọn lábùú bí àkàbà. Orí wọn ni wọ́n gbé gbogbo ara ọkọ̀ lé, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ọn. Ìyẹn ni ṣáṣíìsì. Ẹ wá sùn sábẹ́ RX, ẹ kò ní rí àkàbà kankan. Ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ ni wọ́n jó pọ̀ di egungun kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ti Camry, ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n gbé e kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni RAV4 tí ó jáde ní 1994 àti CR-V tí ó tẹ̀ lé e ní 1995, tí ó jẹ́ pé egungun Civic, ayọ́kẹ́lẹ́ Honda, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fúyẹ́, wọn kì í mu epo tó oníṣáṣíìsì, wọn kì í sì í gbo ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n wọn kò lágbára ẹrù wúwo àti fífa ọkọ̀ mìíràn tó o, bí ìjàǹbá bá sì ká ilẹ̀ wọn kò, títò wọn padà kì í rọrùn. Ẹni tí ó fẹ́ máa fi ọkọ̀ ru igi pákó láti oko ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí tí òun ń rà, jíìpù nìkan kò sì lè sọ ọ́ fún un.

Nítorí náà, ohun tí mo dá lábàá ni "ayọ́kẹ́lẹ́ gíga". Kí jíìpù máa jẹ́ jíìpù ní ẹnu ọjà, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá nílò láti pààlà, kí á pe 4Runner ní jíìpù oníṣáṣíìsì, kí á sì pe RX, CR-V àti ẹgbẹ́ wọn ní ayọ́kẹ́lẹ́ gíga. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kò dùn létí, pé kò ní ọgbọ́n ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ nínú. Ẹ wo àwọn orúkọ tí àwọn ènìyàn wa ti fi fún ọkọ̀ láìpe ìpàdé. Ayọ́kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́ ni wọ́n wò. Bọ́lẹ̀kájà, ìjà àwọn ọmọ ọkọ̀ àti èrò ni ó bí i. Tòkunbọ̀, ibi tí ó ti wá ni, a sì ti ń fi sọ ọmọ lórúkọ kí ọkọ̀ àlòkù kankan tó dé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, tí ẹnì kan wọ inú rẹ̀, tí òtútù mú un, tí ó sì rántí ọyẹ́. Ẹ fi èyí wé ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé: ilé ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a sì ń lò ó fún ọkọ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ó pẹ́ yìí tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí á fi Crosstour gan-an dán an wò. Ní ọdún 2009, kí ó tó dé ọjà rárá, Honda fi àwòrán rẹ̀ síta lórí Facebook, ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi kí i káàbọ̀. Accord Crosstour ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Nígbà tí ó di ti ọdún 2012, wọ́n yọ Accord kúrò. Ní 2015 wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yí orúkọ padà, abẹ́ ọkọ̀ kò yí padà, egungun Accord tí àwọn ará wa ń pè ní Evil Spirit náà ni. Bí àwọn tí ó kọ́ ọ bá lè ṣiyèméjì nípa ìdílé tí wọn ó kà á mọ́, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àwa ń jiyàn. Lójú tèmi, ayọ́kẹ́lẹ́ gíga ni, nítorí ó ga ju Accord tí ó bí i lọ. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára CR-V, kí ó fi "ẹlẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́" kún un. "Abuké" ni n kò ní fọwọ́ sí. Ènìyàn ni à ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bú, kò sì yẹ kí ó wọ ìwé atúmọ̀ èdè ní ẹnu ọ̀nà yìí. Ó tún ní ojúsàájú nínú: BMW X6 tí ó ti jáde ní 2008 ní irú ẹ̀yìn kan náà, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní abuké ní Ìlọrin. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́.

Mo gbà pé ọkọ̀ náà ní àbùkù. Gíláàsì méjì ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, igi kan sì dá wọn lábùú láàrin, tí awakọ̀ fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn á gé sí méjì nínú dígí rẹ̀. Ó gùn tó nǹkan bí mítà 5, síbẹ̀ RAV4 tí ó kúrú jù ú lọ ń gba ẹrù tí ó ga jù ú lọ. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 oníṣílíńdà mẹ́fà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 271, kì í sì í fi epo ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bùùtù rẹ̀ kí ẹ sì gbé pákó ilẹ̀ rẹ̀: àpótí kan wà nísàlẹ̀ tí ó ní ibi tí à ń dì mú, tí ènìyàn lè fà yọ pátápátá, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì dá a padà. Pákó tí ó bò ó ní ojú méjì, kápẹ́ẹ̀tì ni ojú kan, ọ̀rá líle tí ó ṣeé nù ni ojú kejì. Ẹni tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa ti dà nù sí nínú bùùtù rí láàrin Òmù-Àrán sí Ìlọrin yóò mọ iyì rẹ̀. Mo ti rí jíìpù olówó gọbọi tí kò ní irú rẹ̀.

Ní ti rímù, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbà pé rímù yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ pátá, táyà àti rímù papọ̀. Irin tàbí alumíníọ́mù tí ó wà láàrin ni rímù. Bàbá wa ní Ọ̀fà fẹ́ kí á máa pe rímù pẹlẹbẹ àtijọ́ ní "rímù aláwo" nítorí pé ó rí bí àwo oúnjẹ. N kò lè gbà á, nítorí pé àwo àti awo, bí "oní" bá ti ṣíwájú wọn, ohùn wọn di ọ̀kan náà: aláwo. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù Alàájì tí ó béèrè rímù aláwo. Wọn á júwe ilé babaláwo fún un. Rímù irin tí àwọn ọlọ́jà ń pè é tẹ́lẹ̀ ti tó.

Wíwo ìrísí kò burú ṣá o, bí ohùn bá ti gbà á. Àwọn ará Jámánì ṣe é: rímù Mercedes pẹlẹbẹ tí ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yí i ká, èyí tí ẹ̀gbọ́n wa ní Òmù-Àrán fẹ́ràn, ìdérí gọ́tà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Nítorí náà, mo fọwọ́ sí "rímù oníwáyà" fún èyí tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín fà láti àárín lọ sí etí bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Mo fọwọ́ sí "rímù olódòdó" fún èyí tí ilé-iṣẹ́ Otto Fuchs ṣe fún Porsche 911S ní 1966, tí apá rẹ̀ márùn-ún tẹ́ bí ewé òdòdó. Alumíníọ́mù rírọ ni, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Fún ti BBS, ilé-iṣẹ́ rímù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Schiltach ní Jámánì ní 1970, Alàájì ní alásẹ́, Bàbá ní aláwọ̀n. Aláwọ̀n ni kí á mú. Ihò asẹ́ há jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ eruku bíréèkì láàrin àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kọjá lórí ara wọn yẹn yóò gbà pé okùn àwọ̀n ni ó jọ.

Ó ku ohun kan tí àwọn tí ń ra rímù nílò ju orúkọ ìrísí lọ. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni ti Accord àti ti Camry, ìwọ̀n òbìrí tí nọ́ọ̀tì wọn tò lé lórí sì dọ́gba ní mìlímítà 114.3, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé rímù ọ̀kan yóò wọ èkejì. Ihò àárín ni kò jẹ́: 64.1 ni ti Honda, 60.1 ni ti Toyota, nítorí náà rímù Camry kò lè wọ họ́bù Crosstour, irin tí à ń so rímù mọ́ lára ọkọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ. Mo dábàá "ìdodo rímù" fún ihò àárín yẹn. Ṣùgbọ́n bí rímù ṣe ń jìn sínú tàbí tí ó ń yọ síta lábẹ́ fẹ́ńdà, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Kí Alàájì jọ̀wọ́ bi àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń pè é láàrin ara wọn, kí ó sì kọ ọ́ sí wa bí ó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́.