Mýrin: Irà ni àbí Àbàtà?

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ wa sí Yorùbá, àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún àkọlé Mýrin, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Arnaldur Indriðason ará Iceland gbé jáde lọ́dún 2000: Ẹrẹ̀ àti Irà. N kò fara mọ́ ìkankan.

Ẹrẹ̀ ni òjò ń dá sílẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, ó gbẹ. Mýri, ọ̀rọ̀ tí àkọlé náà ti wá, yàtọ̀ sí i, ilẹ̀ tí omi kì í tán lábẹ́ rẹ̀ ni. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àdúgbò Norðurmýri sí ní Reykjavík, olú ìlú Iceland, níbi tí wọ́n ti pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Holberg nínú ìwé náà, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀. Òórùn kan ń rú níbẹ̀; ìgbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀ yàrá náà ni wọ́n tó kan òkú tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Irà súnmọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ rírì ni irà ń mú wá sọ́kàn, ìtàn yìí sì jẹ́ ti ohun tó léfòó.

Àbàtà ni kí a lò. Àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan: ìbátan tí wọ́n ń sẹ́ ni ìwé náà dá lé. Holberg fipá bá obìnrin lò pọ̀, kò sì jẹ́wọ́ ọmọ. Àìsàn àjogúnbá tó wà lára rẹ̀ ló fọhùn: kókó inú ọpọlọ pa Auður, ọmọbìnrin tó bí lọ́nà bẹ́ẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ta kété títí, omi kan náà ni.

Ẹ má sì kọ “Àbàtà náà” nítorí -in tó kángun Mýrin. Lóòótọ́, -in ń fi hàn pé ohun pàtó ni, ṣùgbọ́n “náà” tiwa ń tọ́ka sí ohun tí a ti dárúkọ rí, àkọlé ò sì ní ọ̀rọ̀ kankan níwájú.

Èyí tó dùn mí jù ni “ọmọ àlè” tí wọ́n fi pe Auður nínú ìtumọ̀ náà. Àlè ni ẹni tí obìnrin fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ bá rìn. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá tí wọ́n ṣe níkà la di ẹ̀bi rù. Ẹ jẹ́ kó gùn: “ọmọ tí wọ́n fipá fún ìyá rẹ̀ lóyún.”

Ẹ sì yé pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, Erlendur Sveinsson, ní Ọ̀gbẹ́ni Sveinsson. “Ọmọ Sveinn” ni ìtumọ̀ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Erlendur ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi -son (ọmọkùnrin) àti -dóttir (ọmọbìnrin) sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ ṣàlàyé wọn lójú ìwé àkọ́kọ́, torí ọmọ tí wọ́n fi bàbá rẹ̀ pamọ́ fún, orúkọ ẹni tí kò bí i ló ń jẹ́ lójoojúmọ́.