Form 5500 ìkẹyìn fún 401(k) tó ti wọnú òmíràn
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ payroll l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ilé iṣẹ́ kan ra tiwa, wọ́n da 401(k) wa (ètò owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ìyẹn plan) pọ̀ mọ́ tiwọn, owó ti kọjá tán ní March 14, mo ti fẹ́ máàkì "final return" (ìròyìn ìkẹyìn) lórí EFAST2, ìkànnì ìjọba tá a fi ń fi Form 5500, ìròyìn ọdọọdún plan, ránṣẹ́, àfi bí $212 ṣe tún já wọ àkáǹtì àtijọ́ ní April, dífídẹ́ǹdì tó pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀gá mi ní kí n fojú fò ó (èmi ni wọ́n máa bi o, kì í ṣe òun). Ṣé March ni ọdún plan yẹn parí ni àbí April? Torí ìparí oṣù keje lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń retí fọ́ọ̀mù, October 31 àbí November 30 nìyẹn. Àbí kí n yáa fi Form 5558 tọrọ oṣù méjì ààbọ̀ sí i?