Ṣé dandan ni kí n lọ sọ fún fẹ́tìnárì pé ewúrẹ́ mi ń ṣàìsàn?

Ẹlẹ́ranÒgbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin àgbà. Mo ra ewúrẹ́ lọ́jà, mo tú wọn mọ́ àwọn tó wà nílé torí ilé ẹran mi ò tóbi, ọ̀kan ò wá jẹun mọ́ báyìí, ikun ti gbẹ dí ihò imú ẹ̀, ojú ń ṣepin, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo ìrù ẹ̀ ti lẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń rùn burúkú. Wọ́n ní òfin ni kí n fi tó fẹ́tìnárì létí. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé wọn ò ní pa gbogbo ẹ̀ dànù báyìí? Àbí kí n yáa tà á kó tó kú?

Bàbá Òbúkọ: Tà á kíá jàre. Èmi tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà tí mo ní pọ́ọ̀mìtì lọ́wọ́, wọ́n ṣì ní kí n ṣe nǹkan. Ìjọba wo?

DókítàẸran: Bàbá, ẹ dákun. Ẹ má jẹ́ kó tà á, ẹni tó bá rà á ti gbé àrùn wọlé nìyẹn. Ó jọ kata, ìyẹn PPR, àrùn tó ń ran ewúrẹ́ àti àgùntàn, àmọ́ ojú lásán ò lè sọ ọ́, wọ́n á fi òwú nu imú àti ojú ẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí láábù ní Vom ní Plateau. Òfin àrùn ẹran ní ẹni tó bá ti fura gbọ́dọ̀ sọ fún fẹ́tìnárì tó sún mọ́ ọn, kí ẹran náà má sì kúrò níbẹ̀. Pípa tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, ti fúlùú adìyẹ 2006 lẹ ń rántí, wọ́n pa adìyẹ lóòótọ́, ìjọba sì san owó gbà-má-bínú. Ti kata kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyàsọ́tọ̀ àti abẹ́rẹ́ la fi ń kojú ẹ̀. Kì í ran èèyàn o.

Ìyá Ẹlẹ́ran: Abẹ́rẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ gan-an, lọ́dún 1975, lára ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti mú kòkòrò tí wọ́n wá fi ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹran á gbà á, á sì dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta ó lé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, tí wọ́n bá sì ti pò ó kì í pẹ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní ṣí igò fún ẹran méjì. Àwa ládùúgbò máa ń kó ti gbogbo wa jọ ká tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Èyí tó ti ń ṣàìsàn kọ́ ni wọ́n máa gún o, èyí tára ẹ̀ dá ni. Tẹ́ ẹ bá tún ra tuntun, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹlẹ́ranÒgbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Èyí tí mò ń sọ ti dùbúlẹ̀ báyìí, tó bá kú ńkọ́?

DókítàẸran: Ẹ má jù ú sódò, ẹ má fún ajá jẹ. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n nu imú ẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn dáadáa kẹ́ ẹ sin ín.