Kí ló dé tí omi fi ń ta jìnnà tí mo bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo gbìn sẹ́yìnkùlé, rọ́bà omi mítà 30 ni mo fi ń bomi rin ín láti ara táǹkì. Tí mo bá fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ẹsẹ̀ mi lomi ń dà sí. Tí mo bá fi àtàǹpàkò dí i díẹ̀, á ta dé ebè kẹta. Ṣé omi ń pọ̀ sí i ni? Ọmọ mi bi mí, mi ò rí èsì fún un.

Ọmọ Etídò:
Ẹ wo odò, mà. Níbi tó bá ti fẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń lọ. Tó bá dé àárín àpáta tó há, á máa sáré. Omi kì í ṣe òwú tí a lè kì mọ́lẹ̀, iye tó wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde.

Bàbá Páìpù:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ odò yẹn, àmọ́ ti rọ́bà yàtọ̀. Ẹ rọ omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì láìdí ẹnu rọ́bà, kí ẹ tún dí i rọ ọ́. Èyí tí ẹ dí ló máa pẹ́ jù. Omi dín kù, síbẹ̀ ó ń ta jìnnà!

Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mò ń ṣe, mo sì ti rí èyí láìmọye ìgbà. Bí omi táǹkì ṣe ga tó ló ń tì í jáde. Fífẹ̀ táǹkì kò kàn án. Àmọ́ nínú rọ́bà, omi ń fara ha ògiri. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, ti àárín ló ń sáré, bí ewé àárín odò ṣe ń ya ti etí bèbè sílẹ̀. Bí omi bá ṣe ń yára tó ni fífaraha yẹn ń jẹ agbára tó. Tí ẹnu rọ́bà bá ṣí, mítà 30 yẹn á ti jẹ ọ̀pọ̀ agbára táǹkì kó tó dé ọwọ́ yín. Tí ẹ bá dí i, omi inú rọ́bà á falẹ̀, agbára tí ì bá ṣòfò lọ́nà á wá dé ẹnu rọ́bà, ibẹ̀ ni omi ti máa tú jáde tìbínú-tìbínú.

Ẹ lu ihò ńlá àti kékeré sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n wà ní gíga kan náà: omi méjèèjì á ta jìnnà bákan náà, torí kò sí rọ́bà gígùn níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Ẹ ṣé gan-an, sà. A ṣe é láàárọ̀ yìí pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10, ọmọ mi ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá: 48 láìdí i, 75 nígbà tí mo dí i. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó ní ká tún un ṣe. Tí mo bá gé rọ́bà náà sí 15, ṣé á sàn?

Bàbá Páìpù:
Á sàn dáadáa, mà. Tí ẹ̀fọ́ bá jìnnà, ẹ má gé e, ẹ ra èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ.