Mo fẹ́ di olùkọ́ Pilates ní Ìlú Ọba: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè, láti Leeds

Mo kí gbogbo ilé o. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí, físà iṣẹ́ ni mo sì fi wọlé. Ẹ̀yìn tó ń ro mí nítorí àwọn arúgbó tí à ń gbé dìde lójoojúmọ́ ló gbé mi dé kíláàsì Pilates, ìdárayá tó ń mú iṣan ikùn àti ẹ̀yìn lágbára, ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa, ara sì tù mí débi pé ó ń wù mí kí èmi náà di olùkọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun yóò fi fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣé kí n sanwó?

Èsì, láti Peckham

Àbúrò mi, fi owó rẹ sápò ná. Físà rẹ ni kí o yẹ̀ wò kí o tó yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ sítúdíò níbí kì í gba olùkọ́ Pilates sí iṣẹ́ olówó oṣù. Owó kíláàsì tó bá kọ́ ni wọ́n ń san fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá HMRC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, yanjú owó orí rẹ̀, ìyẹn ni pé lójú òfin, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń dá ṣe. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Físà iṣẹ́ bíi tìrẹ náà, iṣẹ́ ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó kọ̀wé pè ọ́ ló wà fún, iṣẹ́ àfikún tó sì gbà láàyè ní gbèdéke tó le. Kò sí ẹni tó ní kí o má kẹ́kọ̀ọ́ o, o sì lè fi ọ̀rẹ́ àti ẹbí dánra wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí owó bá wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ di ti òfin. Lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú, má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, Joseph Pilates, ará Jámánì tó dá ọ̀nà ìdárayá yìí sílẹ̀, kú ní New York ní 1967, àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà náà sì fa orúkọ Pilates mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ fi dájọ́ ní 2000 pé kò sí ilé iṣẹ́ tó lè dá a ní. Níbí náà, kò sí òfin tó ní kí ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ má pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ Pilates, ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀rí òpin ọ̀sẹ̀ fi kún ọjà. Àmọ́ sítúdíò tó níyì àti àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, òun ni díplómà Level 3 (ìpele kẹta) nínú kíkọ́ni ní Pilates orí ẹní. Ní kí ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọ ní nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí náà, kí o wá a nínú àkójọ Ofqual, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ẹ̀rí. Tí o kò bá rí i níbẹ̀, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa egungun àti iṣan wà nínú díplómà náà, wọn yóò sì wò ọ́ níbi tí o ti ń kọ́ni.

Èsì, láti Houston

Ẹ kú ìjíròrò. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni lórí gbogbo irinṣẹ́ máa ń gba ẹ̀kọ́ tó tó wákàtí 450 kí ó tó jókòó fún ìdánwò NCPT, ìyẹn ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Pilates níbí, wíwo olùkọ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ àti kíkọ́ni lábẹ́ ojú rẹ̀ sì wà nínú wákàtí náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní, kí ẹ fi reformer, ẹ̀rọ tó ní pátákó tó ń yọ̀ àti sípíríǹgì, sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá. Àwọn ènìyàn rò pé bí sípíríǹgì rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìdárayá yóò ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìdárayá kan wà tó jẹ́ pé bí a bá dín sípíríǹgì kù ni wọ́n ń le sí i, torí ara oníbàárà nìkan ni yóò máa dá pátákó tó ń yọ̀ náà dúró. Ẹni tí kò mọ èyí lè ṣe ènìyàn léṣe.

Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Olùkọ́ tiwa kì í bá wa ṣe é, ó kàn ń rìn káàkiri ni, tó ń sọ̀rọ̀. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ìyẹn?

Peckham

Iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Mú èyí tí wọ́n ń pè ní Hundred: oníbàárà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé orí àti èjìká sókè, ó na ẹsẹ̀, ó ń fi apá lu afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó fa èémí sínú títí dé òǹkà márùn-ún, ó sì mí jáde títí dé márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wo ọrùn rẹ̀. Tí iṣan ọrùn bá yọ síta, tí àgbọ̀n sì nà sókè, a jẹ́ pé ọrùn ló ń ṣe iṣẹ́ ikùn. Tí o bá ní kó mú ikùn le, yóò kàn sé èémí ni. Ní kó gbé orí padà sílẹ̀, kó ká orúnkún, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹní, kó sì máa mí jáde bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ikùn yóò wọlé fúnra rẹ̀. Láti fi kọ́ra, jókòó lé ọwọ́ rẹ méjèèjì, kí o fi ẹnu nìkan darí ọ̀rẹ́ rẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ tí físà bá gbà ọ́ láàyè, ra adójútòfò kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó san kọ́bọ̀. Tí owó tó wọlé bá ti ju £1,000 lọ láàárín ọdún owó orí kan, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC kí ọjọ́ 5 oṣù October tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Tí o bá sì fẹ́ kọ́ àwọn ìyá wa ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, fọ́ọ̀mù ìlera ni kí o mú ní ọ̀kúnkúndùn. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ lójú àwùjọ, torí màmá yóò ní kò sí ohun tó ń ṣe òun lágbára Ọlọ́run, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò sì wà nínú báàgì. Pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o má béèrè àìsàn, kí o béèrè pé, "Oògùn wo lẹ lò láàárọ̀ yìí, mà?" Ẹni tí egungun rẹ̀ ti ń fúyẹ́ kò gbọdọ̀ máa ká ẹ̀yìn síwájú bíi ti Hundred yẹn, aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ìfẹ̀yìnlélẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti gbẹ̀bí sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.