Ìgbáwọ̀-ènìyàn-wọ̀ kò tó: Dídi-ènìyàn ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí à ń ṣe ni orúkọ tí a ó máa pe ìgbàgbọ́ àwọn Kristẹni pé Ọmọ Ọlọ́run, tó ti wà ṣáájú ohun gbogbo, wá sáyé, tí Màríà sì bí i bí a ṣe ń bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Látìnì fi pè é, incarnatio. Àwa ṣì ń fi odidi gbólóhùn sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ká lo ìgbáwọ̀-ènìyàn-wọ̀, torí pé "ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀" ló wà lẹ́nu gbogbo ìjọ. Ẹlòmíràn mú ìsọdènìyàn wá, ó fi ìsọdọmọ àti ìsọdimímọ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹnì kẹta ní ìdènìyàn ló kúrú jù: ṣebí di àgbà ló bí dàgbà, tí dàgbà sì bí ìdàgbà. (Ẹnì kan dábàá àtúnwá. Ká yọ ìyẹn kúrò kíá. Tún tó wà nínú rẹ̀ ló bà á jẹ́, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìgbàgbọ́ yìí sọ pé ó ṣẹlẹ̀, kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́.)

Ìgbáwọ̀-ènìyàn-wọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló gbajúmọ̀ jù, òun náà ló sì ń kọ mí lóminú jù.

Ohun tí a bá gbé wọ̀, a lè bọ́ ọ. Bí a ṣe ń lo gbé wọ̀ nìyẹn lójoojúmọ́: ẹni tó wọ ẹ̀wù wà nínú ẹ̀wù, kò di ẹ̀wù, bó bá sì dé ilé, yóò bọ́ ọ sílẹ̀. Àwọ̀ tún mú un burú sí i, torí ohun tí ojú rí lára nǹkan ni àwọ̀. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ohun tí etí ọmọ Yorùbá gbọ́ ni pé Ọlọ́run fi ìrísí ènìyàn bo ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ bá jà. Nígbà tí Jòhánù Kìíní orí kẹrin ní ẹ̀mí tó bá jẹ́wọ́ pé Jésù Kristi wá nínú ara ni ti Ọlọ́run, àwọn tó ń sọ pé ó kàn farahàn bí ènìyàn ló ń dá lóhùn.

Mo mọ ibi tí àwọ̀ ti wọlé. Fílípì 2:7 nínú Bíbélì Yorùbá sọ pé ó "mú àwọ̀ ìránṣẹ́". Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹsẹ yẹn ní ó bọ́ sílẹ̀: ògo rẹ̀ ni. Kò síbi tí Ìwé Mímọ́ ti sọ pé ó bọ́ jíjẹ́ ènìyàn sílẹ̀. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé nígbà tí Jésù gòkè re ọ̀run, "ó bọ́ àwọ̀ ènìyàn sílẹ̀, ó padà sí ipò Ọlọ́run". Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ló ń tì wọ́n débẹ̀. Lẹ́yìn àjíǹde, nínú Lúùkù 24, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fọwọ́ kan òun, pé ẹ̀mí kò ní ẹran àti egungun. Ó sì jẹ ẹja lójú wọn. Tímótì Kìíní 2:5, tí a kọ lẹ́yìn ìgòkè-re-ọ̀run, ṣì ń pe onílàjà náà ní ènìyàn. Ẹni tó ń gbàdúrà nínú ìrora, tí ara rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ó ṣe pàtàkì fún un pé ẹni tó ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ ṣì ní ara, àti pé àpá ìṣó wà ní ọwọ́ ẹni náà. Bí orúkọ tí a fún ẹ̀kọ́ yìí bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan ńlá ni a gbà.

Ẹ̀yin kan yóò ní: ká yọ àwọ̀ kúrò nígbà náà, ká fi ara tàbí ẹran ara rọ́pò. Ẹran ara ti bàjẹ́ lẹ́nu wa. Bí a bá ti gbọ́ ọ nínú ìjọ, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn. Ara nìkan kò sì tó. Apollinaris, bíṣọ́ọ̀bù Laodicea, kọ́ni ní ọ̀rúndún kẹrin pé Ọ̀rọ̀ náà (bí Jòhánù ṣe pe Ọmọ Ọlọ́run) gba ara ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló dípò ọkàn tí ènìyàn fi ń ronú. Ìgbìmọ̀ tó péjọ sí Constantinople ní 381 kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Gregory ti Nazianzus fèsì pé ohun tí Ọmọ Ọlọ́run kò bá gbà mọ́ra, kò wò ó sàn. Bí kò bá ní ọkàn ènìyàn, ta ló wá ń bẹ̀rù nínú ọgbà Getsemane? Ta ló ní òun kò mọ ọjọ́ náà, nínú Máàkù 13:32? Ta ló dàgbà nínú ọgbọ́n, nínú Lúùkù 2:52? Ṣáájú ìyẹn, àwọn tó kọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ní Nicaea ní 325 ti lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tẹ̀ léra: èkíní ní ó gba ara, èkejì ní ó di ènìyàn. Èkejì gba èkíní mọ́ra, torí kò sí ènìyàn tí kò lára. Òun ni mo fẹ́ kí orúkọ wa gbé dání.

Ìsọdènìyàn sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n sọ ń bi wá léèrè pé ta ló sọ ọ́. Ìsọdọmọ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ṣe fún wa: a kì í ṣe ọmọ, a sọ wá di ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló di ènìyàn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó bá fi í sí ipò ẹni tí a ń ṣe nǹkan sí kò ní pẹ́ gbé wa dé ọ̀dọ̀ Paul ti Samosata, tí wọ́n yọ nípò bíṣọ́ọ̀bù Antioku ní 268 nítorí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn lásán ni Jésù tí Ọlọ́run wá sọ di Ọmọ.

Ìdènìyàn ńkọ́? Àpẹẹrẹ ìdàgbà dára, mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìdè ni ojú òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ yóò rò pé à ń sọ nípa ohun tó de ènìyàn.

Nítorí náà, Dídi-ènìyàn. Kò sí àrà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ lójoojúmọ́ náà ni, ẹni tí kò kàwé yóò sì mọ ohun tó jẹ́ ní gbígbọ́ àkọ́kọ́. Di náà ni Jòhánù 1:14 lò: "Ọ̀rọ̀ náà sì di ara, òun sì ń bá wa gbé."

Àtakò kan wà tó lágbára. Bí ọmọdé bá di àgbà, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣé bí Ọ̀rọ̀ náà ṣe di ènìyàn, kì í ṣe Ọlọ́run mọ́ ni? Rárá, èdè wa gan-an ló sì gbèjà mi. Di kì í fi gbogbo ìgbà pa ohun tó ṣáájú rẹ́. Ẹni tó di bàbá kò ṣíwọ́ jíjẹ́ ọmọ ẹni tó bí i. Gíríìkì náà ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe Jòhánù, síbẹ̀ wọn kò pa á tì. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Chalcedon ní 451 kàn fi odi yí i ká ni: jíjẹ́ Ọlọ́run àti jíjẹ́ ènìyàn wà nínú Kristi láìdàpọ̀, láìyípadà, láìpín, láìyà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn rọrùn ní Yorùbá, ó sì yẹ kí wọ́n wà nínú ìtumọ̀ tí a ó kọ sí abẹ́ Dídi-ènìyàn nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.

Ohun tó le ni ọ̀rọ̀ tí Chalcedon lò fún ohun méjì yìí tó wà nínú Kristi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká kọ ẹ̀dá, bí ẹnì kan ti ṣe nínú àkọ́kọ́kọ àkójọ náà. "Ẹ̀dá Ọlọ́run" ni ohun tí Ọlọ́run dá, Ọmọ kì í sì í ṣe ohun tí a dá. Ọ̀rọ̀ tí Arius fà nìyẹn, àlùfáà tó ń kọ́ni pé Ọlọ́run ló dá Ọmọ. Ìwà ni mo mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣe ọmọlúàbí ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn lónìí. Wà ló bí i, wíwà nǹkan sì ṣì wà nínú rẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo, ìwà méjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju ìyẹn lọ, mo ń retí rẹ̀.